Ara Tó Máa Ń Ro Ó Yẹn Gan-an: Àkọsílẹ̀ Ọ̀fọ̀ Kan ní Òṣogbo

Ìyá tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ wọn yìí, aṣọ ni wọ́n ń rẹ láró ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, nílùú Òṣogbo. Wọ́n ti lé ní àádọ́ta ọdún. Inú ìjọ ni wọ́n dàgbà sí, inú ìjọ ni wọ́n ti ṣègbéyàwó, ọmọ méjì péré ni wọ́n sì bí, ọkùnrin kan àti obìnrin kan. Obìnrin yẹn ni àbíkẹ́yìn. Òun ló kú lẹ́ni ọdún 23. Fòníkú-fọ̀ladìde ni, èyí tí wọ́n ń pè ní SS nílé ìwòsàn.

Wọ́n gbà kí n kọ ọ́, bí n kò bá ti dárúkọ ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, Ìyá Aláró ni màá máa pè wọ́n. Èmi ni akọ̀wé ìgbìmọ̀ abánikẹ́dùn nínú ìjọ wa. Ohun tí mo fojú rí, àti èyí tí wọ́n fẹnu ara wọn sọ fún mi, ló wà níbí.

Ọmọ náà

Nígbà tí Ìyá Aláró àti ọkọ wọn fẹ́ra, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní jẹ́nótáìpù. Lónìí, ọ̀pọ̀ ìjọ ni kò ní í so yín pọ̀ bí ẹ kò bá mú ìwé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ wá. Nígbà náà, bí ìwé ìrìbọmi bá ti pé, tí àwọn àna sì ti gba ìdáná, ó parí. AS ni ìyá, AS ni bàbá. Gbogbo ìgbà tí irú tọkọtaya bẹ́ẹ̀ bá lóyún, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS, ìdá kan kó jẹ́ AA, ìdá méjì tó kù kó jẹ́ AS bí àwọn òbí rẹ̀. Ti àkọ́bí bọ́ sí AS. Ti èkejì bọ́ sí SS.

Wọn ò mọ̀ títí ọmọ fi ń lọ sí oṣù mẹ́jọ. Ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣàdédé wú, ó ń ké tòru tọ̀sán. Ìyá ọkọ ní àbíkú ni, kí wọ́n tètè wá nǹkan ṣe sí i kó tó di pé ó padà lọ. N kò bá màmá yẹn wí. Kò sí orílẹ̀-èdè tí wọ́n ti ń bí ọmọ SS tó Nàìjíríà, kí àwọn dókítà sì tó fún un lórúkọ, àwọn bàbá wa ti ń rí ọmọ tó ń wá tó ń lọ, orúkọ tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n fi pè é. Ìyá Aláró gbé ọmọ lọ sí ilé ìwòsàn, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ wò, ọ̀rọ̀ sì hàn.

Láti ọjọ́ náà, fólíìkì ní àràárọ̀, Paludrine kí ibà má bàa kọlù ú, omi mímu lọ́pọ̀lọpọ̀, súwẹ́tà lásìkò ọyẹ́. Ẹni tó bá ti tọ́ irú ọmọ yìí rí mọ bí òru ṣe ń rí. Egungun á bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó, ìyá á máa fi omi gbígbóná jó o, á máa fi Aboniki ra á lẹ́yìn àti lórúnkún, títí ilẹ̀ á fi mọ́, tàbí kí wọ́n sáré wá ọ̀kadà tó máa gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn lóru.

Òtútù lọ̀tá rẹ̀. Ilé àwọn aláró sì rèé, omi níwá, omi lẹ́yìn. Ìyá kò jẹ́ kó ki ọwọ́ bọ omi tí wọ́n fi ń ṣan aṣọ láyé. Iṣẹ́ tí wọ́n wá fún un ni ọnà yíyà: á jókòó sórí àpótí lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí oòrùn wà, á máa fi ìyẹ́ adìẹ ti láfún tí wọ́n sè bọ orí aṣọ funfun, ìlà tẹ̀lé ìlà. Bí láfún bá ti gbẹ, ìyá á ki aṣọ bọ aró, á gbé e jáde, á tún kì í, á ṣàn án, á sá a. Ibi tí láfún bá wà kò ní í gba aró. Ọ̀pọ̀ aláró ló ti fi àdìrẹ ẹlẹ́kọ yìí sílẹ̀, wọ́n ti gba àbẹ́là àti aró oníyẹ̀fun torí ó yá. Ọmọ yìí ò fẹ́ èyí tó yá. Àwọn tó ń rajà lọ́wọ́ wọn ní ọjà Ìgbọ̀nà mọ ìlà ọwọ́ rẹ̀ láì béèrè.

Nígbà tó di ọmọ ọdún 21, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan mú un lọ sí ìṣọ́ òru ìwòsàn kan. N kò ní í sọ ibi tó jẹ́. Òjíṣẹ́ tó wà lórí pẹpẹ nawọ́ sí i, ó ní Ọlọ́run ti pààrọ̀ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kó lọ da oògùn nù, pé ẹni tó bá ṣì ń gbé oògùn mì kò tíì gbàgbọ́. Ó dà á nù lóòótọ́, kò sì sọ fún ìyá rẹ̀. Ìgbà tí ìrora bẹ̀rẹ̀ sí í dé lemọ́lemọ́ ni àṣírí tú. Wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò, SS náà ló jáde. Ìyá bẹ̀ ẹ́, ìyá sunkún, ó padà sídìí oògùn, ó sì lò tó ọdún méjì sí i láyé. Nítorí náà n kò lè sọ pé ìṣọ́ òru yẹn ló pa á, dókítà pàápàá kò sọ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi í sọ́kàn, torí ibẹ̀ ni egbò gan-an wà, kò sì sí ẹnì kankan nínú wa tó mọ̀ nígbà náà.

Ìgbà ọyẹ́ ló kú. Àyà ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ń mí gúlegúle, wọ́n gbé e lọ, wọ́n fi afẹ́fẹ́ ọ́síjìn sí i nímú, wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Òru ọjọ́ kejì ló dákẹ́.

Àwọn tó wá kí wọn

Òkú ọ̀fọ̀ kì í pẹ́ nílẹ̀. Ọjọ́ náà ni àwọn ọ̀dọ́ ìjọ gbé e lọ sí itẹ́ òkú. Ìyá àti bàbá wà nílé, àwọn àgbà obìnrin rọ̀gbà yí wọn ká, torí nílẹ̀ wa òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ rẹ̀.

Ìjọ wa ò kẹ̀rẹ̀ nínú ká kí ni. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, àga ò tó. Ẹgbẹ́ Dọ́káàsì gbé ìrẹsì wá, ẹgbẹ́ akọrin wá kọrin, àwọn ọ̀gá ìjọ wá gbàdúrà. Ẹnu wa ló dá wàhálà sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀, mo gbọ́ ọ. "Ọlọ́run ló fún wa, Ọlọ́run náà ló gbà á." "Ẹ dúpẹ́ pé ó ti bọ́ lọ́wọ́ ìrora." "Ẹ nu ojú yín nù, màmá, onígbàgbọ́ kì í sunkún bíi kèfèrí." Ẹni tó sọ èyí tó gbẹ̀yìn rò pé òun ń tún ọ̀rọ̀ Pọ́ọ̀lù sọ nínú Tẹsalóníkà Kìíní orí 4. Ohun tí Pọ́ọ̀lù kọ ni pé kí a má banújẹ́ bí àwọn tí kò ní ìrètí. Kò ní kí a má banújẹ́.

Obìnrin kan tó sún mọ́ wọn dáadáa wọlé, ó dì mọ́ wọn, ó ní, "Omi ló dànù, agbè ò fọ́." Abiyamọ tí ìkókó rẹ̀ kú ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, pé ìyá ṣì wà, á tún rí òmíràn bí. Ìyá Aláró ti dáwọ́ ọmọ bíbí dúró tipẹ́, ọmọ tó kú sì ti tó ẹni tó ń dìbò. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn bà mí lẹ́rù ju gbogbo ẹkún tí wọ́n ti sun lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n wò mí lójú, wọ́n ní, "Gbogbo ìkòkò aró mi ló ti fọ́ tán." Kò sí ọmọ Òṣogbo tí kò mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ yẹn: nígbà tí igi tí Olútìmẹ́hìn, ọdẹ tó wà lára àwọn tó tẹ ìlú náà dó, àtàwọn èèyàn rẹ̀ gé wó lu odò, tí Ọ̀ṣun, òrìṣà odò, ké jáde sí wọn. Arábìnrin kan tó wà níbẹ̀ ní kí màmá fi ẹ̀jẹ̀ Jésù bo ẹnu wọn, kí wọ́n má fi ọ̀rọ̀ òrìṣà ṣọ̀fọ̀. Ó sú mi. Aláró ni wọ́n, Òṣogbo ni wọ́n bí wọn sí, ọ̀rọ̀ ta ni kí wọ́n fi sunkún?

Lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ, ẹsẹ̀ dá. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò yéé wá kì í ṣe ọmọ ìjọ rárá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ wọn ni, Alhaji. Ẹni tó bá mọ Òṣogbo kò ní í bi mí bó ṣe jẹ́, agbo ilé kan náà níbẹ̀ lè ní pásítọ̀ àti lèmọ́mù. Bí Alhaji bá ti kírun àsùbáà tán, wọ́n á gba ọ̀dọ̀ ẹlẹ́kọ, wọ́n á ra ẹ̀kọ àti àkàrà, wọ́n á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú àgbàlá. "Ìyàwó wa, ẹ jí bí?" Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ìyàwó wọn bá jẹ ẹ̀kọ ìlàjì, wọ́n á dìde. Bí kò bá jẹ, wọ́n á tún jókòó díẹ̀ sí i. Ọyẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, Alhaji ṣì ń wá. Nínú ìwé Jóòbù, ọjọ́ méje òru méje ni àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fi jókòó tì í nílẹ̀ láìsọ̀rọ̀, ìyẹn sì ni ohun tó dára jù tí wọ́n ṣe fún un. Ìgbà tí wọ́n la ẹnu ni wọ́n ṣẹ Ọlọ́run, Ọlọ́run fúnra rẹ̀ ló sì sọ bẹ́ẹ̀ ní orí 42.

Ìgbìmọ̀ wa ní nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló kọ́kọ́ sọ pé ọ̀rọ̀ yìí ti ń kọjá ẹkún. Ìyá Aláró kì í sùn, aṣọ wọn ti ń ṣí lọ́rùn, wọ́n sì ń sọ pé àwọn fẹ́ lọ bá ọmọ àwọn. Nọ́ọ̀sì bi wọ́n lójúkojú pé, "Màmá, ṣé ẹ ti ń ronú láti pa ara yín?" Àwọn kan nínú wa fẹ́ dá a lẹ́kun. Ìyá Aláró ní, "Rárá. Mi ò kàn fẹ́ máa jí ni." A mú wọn lọ rí dókítà, ẹ̀jẹ̀ wọn ti ru, wọ́n fún wọn lóògùn, wọ́n sì ní kí wọ́n máa padà wá. Kò sẹ́ni tó sọ fún wọn pé oògùn jẹ́ àìgbàgbọ́. Ilé yẹn ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn tó.

Bàbá àgbà

Olùṣọ́àgùntàn kan wà nínú ìjọ wa tó ti fẹ̀yìn tì. Kò rìn dáadáa mọ́, àwọn ọ̀dọ́ ò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ̀ ọ́n. A gbé e lọ. Ó kí Ìyá Aláró, ó jókòó, ó ní, "Ẹ sọ ti ọmọ yìí fún mi." Èmi ti ṣí Bíbélì mi sílẹ̀, ojú ibi tí mo fẹ́ kà ni mo ń wò. Bàbá ò wò mí. Ìyá Aláró sọ̀rọ̀ títí iná fi dé, tí iná tún fi lọ. Wọ́n sọ bó ṣe máa ń fi ìyẹ́ adìẹ yọ àwọn ọmọdé àdúgbò lẹ́nu, bó ṣe máa ń bá àwọn nọ́ọ̀sì jiyàn, bó ṣe kórìíra kí wọ́n máa pè é ní aláìlera. Bàbá ń rẹ́rìn-ín níbi tí ẹ̀rín wà. Ó gbàdúrà kúkúrú, a sì lọ.

Ìgbà tí a tún padà lọ ni ìbéèrè jáde.

"Bàbá, ẹ̀jẹ̀ tèmi ló pa ọmọ mi, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Gbogbo wa la la ẹnu papọ̀ pé kí wọ́n má sọ bẹ́ẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè sí wa. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ tiyín àti ti bàbá rẹ̀ ló pàdé. Òótọ́ ni. Ẹ ò mọ̀, kò sì sẹ́ni tó bi yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀ṣẹ̀ kọ́." Ó wá kà á láti orí 9 Ìhìnrere Jòhánù, níbi tí àwọn ọmọ ẹ̀yìn ti rí ọkùnrin tí wọ́n bí ní afọ́jú, tí wọ́n sì bi Jésù pé ta ló ṣẹ̀, ṣé òun ni àbí àwọn òbí rẹ̀. Jésù ní kì í ṣe òun, kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀. Bàbá tún un kà. "Kì í ṣe àwọn òbí rẹ̀."

Ìyá Aláró dákẹ́ pẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá sọ ohun tó ti ń jẹ wọ́n run láti ìgbà ọyẹ́. Wọ́n ní, "Wọ́n sọ fún un pé ó ti sàn. Ó da oògùn nù. Èmi ni mo fi ẹkún mú un padà sí i. Ṣé èmi kọ́ ni mo ba ìwòsàn ọmọ mi jẹ́ báyìí?"

Kí n sọ tòótọ́, kò sí ìkankan nínú wa tó ronú dé ibẹ̀. A ti rò pé wọ́n bínú sí òjíṣẹ́ yẹn. A ò mọ̀ pé wọ́n gbà á gbọ́. Ìyá tó tọ́jú ọmọ fún ọdún 23 ni wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹnu kan sọ di ẹni tó pa á, nínú ọkàn ara rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí ìdí tí ìyànjú wa ò fi wọlé, mi ò ní í wá ìdáhùn jìnnà. À ń sọ pé Ọlọ́run lágbára, àwọn náà sì mọ̀ pé ó lágbára. Ohun tí wọ́n ń gbọ́ nínú rẹ̀ ni pé Ọlọ́run fẹ́ ṣe é, àwọn ni àwọn dí i lọ́wọ́.

Bàbá bínú. Ohùn rẹ̀ ò ga, ṣùgbọ́n ọ̀pá ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó sọ ti Hesekáyà ọba, tí Ọlọ́run gbẹnu Aísáyà ṣèlérí fún pé á sàn, tí òun á fi ọdún 15 kún ọjọ́ ayé rẹ̀. Aísáyà yìí kan náà ló tún ní kí wọ́n mú èso ọ̀pọ̀tọ́ wá, kí wọ́n fi lé ojú oówo rẹ̀. Ìlérí wà, oògùn wà, ẹnu wòlíì kan náà ni méjèèjì ti jáde. "Ọdún méjì tó fi wà lẹ́yìn ìṣọ́ òru yẹn, oògùn tí ẹ fi ẹkún fún un wà níbẹ̀. Ẹ ò ba nǹkan kan jẹ́." Ó tún sọ ti Màtá àti Màríà, tí àwọn méjèèjì sọ ohun kan náà fún Jésù, pé ká ní ó wà níbẹ̀ ni, arákùnrin àwọn kì bá tí kú. Jésù kò sọ fún ọ̀kankan nínú wọn pé ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló kéré tí Lásárù fi kú. Ó sunkún. Ó sì mọ̀ dájú pé òun máa jí ẹni yẹn dìde láìpẹ́.

Mo ti rí ẹkún nílé yẹn, ṣùgbọ́n ti ọjọ́ náà yàtọ̀. Àwa náà sun ún.

Ẹ má rò pé ìyẹn ni ìrètí. Ẹ̀rù tó bọ́ nílẹ̀ nìyẹn. Ìrètí gba ọ̀nà mìíràn dé, ọ̀nà tí n kò retí.

Bàbá ń ka Kọ́ríńtì Kìíní orí 15 lọ́jọ́ kan, ibi tí Pọ́ọ̀lù ti fi òkú wé irúgbìn: a gbìn ín ní ìdíbàjẹ́, a jí i dìde ní àìdíbàjẹ́, a gbìn ín ní àìlera, a jí i dìde ní agbára. Ìyá Aláró dá a dúró. "Kí ni wọ́n gbìn?"

"Ara ni."

"Ara wo?"

"Ara òkú náà."

"Ara tó máa ń ro ó yẹn gan-an?"

Bàbá ní òun gan-an. Màmá ní wọ́n ti ń sọ fún àwọn pé ọmọ àwọn ti di áńgẹ́lì, pé ó ti bọ́ ara sílẹ̀. Bàbá ní Bíbélì ò sọ pé ó di áńgẹ́lì, kò sì sọ pé Ọlọ́run á ju ara yẹn nù. Jésù jí dìde pẹ̀lú ojú ìṣó lọ́wọ́, ó sì jẹ ẹja. Ara tí ìyá yìí fi omi gbígbóná jó lóròòru, orúnkún yẹn, ẹ̀yìn yẹn, òun ni wọ́n sọ pé á dìde.

Ìyá Aláró ronú sí i. Wọ́n wá béèrè pé, "Ṣé á lè ṣan aṣọ nínú omi tútù?"

N kò mọ ohun tí ẹlòmíràn ì bá fèsì. Bàbá ní, "Ọ̀rọ̀ omi ò sí níbẹ̀. 'Ní agbára' ló wà níbẹ̀." Ìyá Aláró ní ó dáa. Wọ́n ní kí ó tún ibẹ̀ kà.

Gbogbo ohun tí a ti sọ ṣáájú, ọ̀nà bí wọ́n á ṣe gbàgbé ìrora ọmọ yẹn la ń wá fún wọn. Ara tó ń rora yẹn gan-an ni wọ́n sì tọ́jú, òun ni wọ́n mọ̀, òun ni wọ́n fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ìrètí tó bá fo orí rẹ̀ kọjá kò lè kàn wọ́n.

Ojú oórì

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ibi tí wọ́n sin ín sí. Ariwo ta. Àwọn mọ̀lẹ́bí ní èèwọ̀ ni. Àwọn kan nínú ìjọ náà gbà á bí ogun, wọ́n ní àṣà kèfèrí ni, kí a fọ́ ọ. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Àánú òbí ló mú kí àwọn bàbá wa gbé àṣà yẹn kalẹ̀, ó sì ti ṣe bàbá ọmọ yìí láǹfààní. Títí di òní kò fẹ́ mọ ọ̀nà ibẹ̀, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fi ipá mú un. Ṣùgbọ́n ohun tó ṣe ọkọ láǹfààní ti ń ṣe ìyàwó ní jàǹbá.

Alhaji ló yanjú rẹ̀. Wọ́n pe àwọn mọ̀lẹ́bí jọ, wọ́n ní àwọn ni àgbà ilé, bí nǹkan bá tìdí rẹ̀ yọ, kó wá bá àwọn. Wọ́n ní, "Ẹni tẹ́rù bá ń bà, kó dúró sílé." Ní òwúrọ̀ Sátidé kan, Alhaji, àkọ́bí, Bàbá àgbà àtàwa mélòó kan sin Ìyá Aláró lọ.

Mo ti múra sílẹ̀ pé wọ́n á ṣubú. Wọn ò ṣubú. Wọ́n wo àkọlé tí àwọn ọ̀dọ́ fi ọ̀dà kọ sórí sìmẹ́ńtì, wọ́n ní, "Ta ló kọ ọnàkọnà yìí?" Ọjọ́ ìbí ọmọ náà ni wọ́n ti kọ òdì. Wọ́n fa koríko tó wà níbẹ̀ tu, wọ́n ń ṣàròyé nípa àwọn ọ̀dọ́ ayé òde òní tí kì í fara balẹ̀ béèrè. Lẹ́yìn náà ni Bàbá ka ẹsẹ 42 sí 44 orí 15 yẹn, Alhaji dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan pẹ̀lú fìlà lọ́wọ́. Wọ́n sunkún nígbà náà. Lọ́jọ́ Ajé, wọ́n lọ bá olórí ọ̀dọ́ ìjọ nílé, wọ́n fún un lówó ọ̀dà, wọn ò sì kúrò níbẹ̀ títí ó fi kọ ọjọ́ ìbí gidi sílẹ̀ níwájú wọn.

Aṣọ kan tún wà nílẹ̀ tí ọmọ náà ti ya ọnà sí, tí wọn ò tíì kì bọ aró. Àbúrò ìyá ti fẹ́ kó o mọ́ àwọn ẹrù rẹ̀ tó kù, kí wọ́n fi tọrẹ, Ìyá Aláró gbà á padà. Láfún orí rẹ̀ ti gbẹ jù, ó ti sán. Nígbà tí wọ́n padà sídìí iṣẹ́, tí ọwọ́ wọn tún dúdú títí dé ìgbọ̀nwọ́, òun ni wọ́n kọ́kọ́ rẹ. Aró gba ojú sísán wọlé, ó ṣe fínfín láàárín àwọn ìlà. Mo rò pé wọ́n á ká a sínú àpótí. Wọ́n tà á ní Ìgbọ̀nà. Wọ́n ní iṣẹ́ ọjà ni ọmọ àwọn ń ṣe, kì í ṣe iṣẹ́ àpótí.

Bó ṣe wà báyìí

Ìyá Aláró ti ń wá sí ìjọ déédéé, àfi pé wọ́n máa ń jáde síta nígbà ìjẹ́rìí, pàápàá bó bá jẹ́ ti ìwòsàn. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn wí mọ́. Nínú ìsìn wa, àyè wà fún ìdúpẹ́ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kò sí àyè fún ìráhùn, bẹ́ẹ̀ ìráhùn kún inú Sáàmù. Ìkejìdínláàádọ́rùn-ún parí sínú òkùnkùn, kò sẹ́ni tó fi halelúyà dí i lẹ́nu. Bàbá àgbà ti ní ká máa kà á ní gbangba lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Wọ́n ṣì ń bá àwọn alàgbà sọ ọ́.

Bàbá ọmọ kò tíì padà sí ìjọ. Alhaji ló ń bá a jókòó.

Ìgbìmọ̀ wa ti pinnu pé a ò ní í fi ilé ọlọ́fọ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn ọjọ́ kẹjọ mọ́. Ẹni méjì ni á máa lọ títí ọdún á fi yí po, wọn ò sì gbọdọ̀ wàásù àyàfi bí onílé bá béèrè. Àkọ́bí Ìyá Aláró ń múra ìgbéyàwó. AA ni ọmọbìnrin náà, ìyá ọkọ ló sì bá a lọ sí ibi àyẹ̀wò.

Nígbà tí mo kọ èyí tán, mo kà á sí Ìyá Aláró létí. Wọ́n ní kí n tún ibi méjì ṣe: láfún kì í ṣe pé wọ́n kàn sè é, wọ́n fi álọ́ọ̀mù díẹ̀ sí i kó lè dì mọ́ aṣọ; ẹ̀kọ tí Alhaji máa ń rà, ẹ̀kọ tútù ni, kì í ṣe gbígbóná. Wọ́n tún ní kí n fi kún un pé inú ṣì ń bí àwọn sí ọkùnrin orí pẹpẹ yẹn, pé àwọn máa ń gbàdúrà fún un nígbà mìíràn, nígbà mìíràn àwọn kì í gbà á. Mo bi wọ́n bóyá kí n yọ apá tó gbẹ̀yìn yẹn. Wọ́n ní kí n fi í síbẹ̀.